Obìnrin Tó Mọ Funfun Mẹ́rìndínlógún

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó ère tánganran kéékèèké jọ, nítorí pé ẹgbẹ́ náà pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́dún yìí, èmi sì ni akọ̀wé. Mo kọ orúkọ gbogbo alága tó ti jẹ. Kò gbà mí lásìkò, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni, kò sì tíì sọ pé ó rẹ òun. Mo kọ iye ère tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì wa: ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rìnlá, èyí tó ga jù nínú wọn kò ga ju ife omi lọ. Mo kọ ọjọ́ tí a ra tábìlì. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé ìtàn náà dà bí ẹnu tí kò ní eyín: ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gé nǹkan kan jẹ. Ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Mo fa ìwé náà ya, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Ìyá Eléyín ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe pé eyín rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni eyín. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi ṣe eyín àtọwọ́dá ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn eyín kan, yàrá tí aláìsàn kì í dé. Dókítà ló ń wo ẹnu, dókítà ló ń gba ọpẹ́, òun ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún. Bí èèyàn bá fi èyí dá a lápàárá, á ní:

"Ẹ fi dókítà sílẹ̀. Ìgbà mìíràn mo máa ń pàdé ẹni tí n kò mọ̀ rí lójú títì, á rẹ́rìn-ín sí mi, màá sì mọ eyín rẹ̀ kí n tó wo ojú rẹ̀. Nínú ọkàn mi, màá ní: ẹ̀yin méjì òkè, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ṣé ilé yín tuntun tù yín lára?"

Ẹgbẹ́ wa ti wà díẹ̀ kó tó dé. Orí ìlà ni a ti dá a sílẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló tò sídìí kàńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí kálukú wá gba páálí tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ Ẹ RỌRA sí lára. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn kàńtà gbé páálí àkọ́kọ́ kalẹ̀ gbì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé orí ẹsẹ̀ wa ló gbé e lé. A wo ara wa. Kò sí ohun tí a tún fẹ́ bi ara wa mọ́. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ awọnlẹ̀, òun ló di Alága. Ìkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń kó ère àwọn oníjó jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kì í jó, ó ní orúnkún òun kò fọwọ́ sí i. Ìkẹta ni èmi. Lẹ́yìn ọdún kan, ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe wọlé pẹ̀lú ajá tánganran mẹ́sàn-án, a sì ń pè é ní Onífíríìjì. Nígbà tó yá, a di mọ́kànlá.

A gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, a gbé kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì sí i, a ń pàdé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, aago mẹ́ta ọ̀sán. Alága kọ òfin. Àwọn awọnlẹ̀ fẹ́ràn ààlà. Òfin kìíní: kí kálukú bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ sínú àwo tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Òfin kejì: ère kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ lo oṣù kan nílé olówó rẹ̀ lọ́dọọdún, kó má baà gbàgbé ilé; Oṣù Ìsinmi ni a ń pè é. Òfin kẹrin: ẹni tó bá fẹ́ sín, kó sáré jáde sórí àtẹ̀gùn. Mo ti rí Onífíríìjì tó di imú mú, tó sáré kọjá bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, a sì gbọ́ ọ níbi tó ti ń sín lọ́nà ìsàlẹ̀, oníbàtà sì ń kí i pẹ̀lẹ́.

Òfin keje ló le jù: ère tó bá ti fọ́ kò gbọdọ̀ wọ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó ni ín kò sì gbọdọ̀ jókòó nídìí tábìlì mọ́.

"Nínú iṣẹ́ tèmi," Alága ní, "ilé tó bá ti sán, a kì í kùn ún. A máa ń wó o ni."

A pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka òfin kejì àti ìkeje pọ̀, ó yẹ kó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Èèyàn mọ́kànlá tó ní làákàyè ni wá. A ò rí i.

Bàtà ló gbé Ìyá Eléyín dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wá fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí wọ́n bá a ṣe gìgísẹ̀ rẹ̀, oníbàtà sì ní kó gòkè lọ wo àwọn wèrè òun kó tó máa lọ. Ó gòkè wá, ó dúró níwájú gíláàsì. Àwọn èèyàn tó bá kọ́kọ́ rí ère wa máa ń ní "ó dára o," wọ́n á sì wá àga. Èyí kò wá àga. Ó ń wo ibi tí ọwọ́ ti so mọ́ èjìká, ibi tí ìka ti pín sí ìka, ẹnu ṣíṣí tí kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ tí wọ́n sì tún kùn eyín sí i. Nígbà tó pẹ́, ó ní:

"Ẹni tó ṣe èyí kò mí lọ́jọ́ náà."

Oṣù tó tẹ̀lé e, ó gbé tirẹ̀ wá nínú áńkáṣíìfù funfun. Alágbàfọ̀ kan ni, obìnrin kékeré tó gbé ọpọ́n aṣọ sí ìbàdí ọ̀tún, tó yí ojú sókè bí ẹni tó ń wo bóyá òjò máa rọ̀. Kò ní apá òsì láti ìgbọ̀nwọ́ wá sílẹ̀.

"Ère gidi ni," Alága ní. "Apá rẹ̀ ńkọ́?"

"Bí mo ṣe bá a nìyẹn, sà. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Apá náà ti lọ kí wọ́n tó bí mi."

"Ó fọ́ nìyẹn."

"Ó fọ́, sà. Ṣùgbọ́n ó ti dúró bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ orí mi lọ, kò ṣubú."

"Òfin keje, ìyá mi," Alága ní, ó sì nawọ́ sí ibi tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. "Bí a bá yẹ̀ ẹ́ fún ẹnì kan, a ti wó o nìyẹn."

Obìnrin náà ká áńkáṣíìfù rẹ̀ padà. Lójú mi, kò bínú. Ó kàn bi í léèrè pé: "Ta ló ń nù wọ́n?"

Kò sí ẹni tó ń nù wọ́n. Ẹ̀rù ń bà wá. Eruku ti ń bo àwọn ajá Onífíríìjì débi pé ó ti ń sọ pé irun wọn ló ń hù. Alága wo ọwọ́ obìnrin náà. Ọwọ́ náà dúró bí ọwọ́ ère. Ni a bá fún un ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bó ṣe di ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àga nìyẹn. Ìgbà méjì ló tún mú alágbàfọ̀ rẹ̀ wá lẹ́yìn náà, ní ọdún karùn-ún àti ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà méjèèjì ni Alága nawọ́ sí ògiri. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé nínú ọ̀rọ̀ wa ni pé kí alágbàfọ̀ ìyá rẹ̀ dúró láàárín àwọn tó kù, ohun náà gan-an sì ni a kò fún un.

Bó bá nù wọ́n tán, ó ní bó ṣe ń tò wọ́n. Lórí pẹpẹ kẹta, láàárín darandaran kan àti ọkùnrin kan tó ń fọn fèrè, ó máa ń fi àlàfo sílẹ̀. Onífíríìjì kò yé fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Eléyín, gbogbo ẹnu tó wà nígboro yìí lẹ ti dí àlàfo rẹ̀. Àlàfo inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wá bá yín jà?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," á ní. "Eyín tó bá fún ara wọn jù, oúnjẹ ló máa ń há sí i."

Ní ọdún kẹta, Oṣù Ìsinmi ère afìwéránṣẹ́ mi pé. Mo gbé e lọ sílé, mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n kó lè máa wo wá. Bó ṣe ṣubú, n kò ní sọ ọ́, nítorí pé èmi ni mo gbá a. Fìlà rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ tó di lẹ́tà mú náà lọ. Mo ra gọ́ọ̀mù, mo sì lo odindi ọjọ́ kan láti bà á jẹ́ sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìwòsàn eyín wọlé pẹ̀lú páálí bàtà lábíyá.

Ìyá Eléyín tú u wò. "Kí ló ṣe é?"

"Ológbò ni, mà."

Ó gbé e sún mọ́ iná, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ológbò yín ní àtàǹpàkò?"

Ó ní kí n jókòó. N kò dé irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí. Èrìgì tí wọ́n fi pilásítà ṣe tò lọ lórí pẹpẹ láti ògiri dé ògiri, kálukú pẹ̀lú orúkọ lábẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn lanu bí ẹgbẹ́ akọrin tí ń dúró de olórí. Ìda wà nínú agolo, búrọ́ọ̀ṣì kan wà tí irun rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ààrò iná mànàmáná kan sì wà tó kéré tó búrẹ́dì.

"Funfun wo ni tirẹ̀?" ó ní.

"Funfun náà ni, mà."

Ó wò mí bí ìgbà tí mo sọ pé omi tutù, tí mo wá ń retí ẹ̀bùn. Ó fa dúrọ́ọ̀ kan yọ. Eyín tò nínú rẹ̀ lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀pá tirẹ̀.

"Mẹ́rìndínlógún ni. Ẹ wo èyí, ó ń lọ sí ọ̀nà pupa. Èyí ń wo ọ̀nà eérú. Èyí ni funfun ẹni tó ń mu tíì. Èyí ni ti ọmọdé, àgbàlagbà tó bá béèrè fún un, ẹ sá fún un. Afìwéránṣẹ́ yín," ó gbé wọn sún mọ́ etí ère náà lọ́kọ̀ọ̀kan, "ìkẹsàn-án ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń lọ sí ìkẹwàá. Ó ti rí oòrùn díẹ̀."

Mo wo eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún náà títí. Ní àkọ́kọ́, àwọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí. Nígbà tó yá, bí ìgbà tí ojú bá mọ́ òkùnkùn, mo rí méjì. Lẹ́yìn náà mo rí márùn-ún. N kò rí ìkẹfà di òní, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà n kò tún lè sọ pé nǹkan kan funfun kí ọkàn mi má béèrè pé, èwo nínú rẹ̀?

Ó fi omi gbígbóná yọ gbogbo gọ́ọ̀mù mi dànù, ó ń ṣe háà lábẹ́lẹ̀ bí nọ́ọ̀sì tó bá bá egbò tí wọ́n ti fi ẹ̀gbin dì. Ó po ìyẹ̀fun eyín, èyí tó fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá, mọ́ omi, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta náà gbé e lé ibi tó ṣẹ́, èyí tó gbé kò tó ojú èèrà. Kò mí. Èmi náà kò mí. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó kíyè sí i pé òun ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èmi nìkan ni n kò mí. Lọ́jọ́ tí mo padà wá gbà á, mo wá ibi tó ti fọ́, n kò rí i. Mo mọ ibẹ̀, èmi ni mo fọ́ ọ, n kò sì rí i. Mo fi èékánná kàn án. Èékánná mi kọjá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí láyé.

Mo bi í léèrè ohun tí màá fún un.

"Ẹ lọ ra oúnjẹ fún ológbò," ó ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọ̀rọ̀ yìí..."

"Àwọn tó ń wọ eyín mi nígboro yìí ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ẹ ti gbọ́ orúkọ ẹnì kan lẹ́nu mi rí?"

N kò gbọ́ rí. Mo gbé afìwéránṣẹ́ mi padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo jókòó nídìí tábìlì, mo sì ń wo àwọn mẹ́wàá tó kù, àwọn olóòótọ́ èèyàn tí ère wọn kò fọ́ rí. Ojú wọn ń tì mí. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi mọ̀ pé inú ń run mí. Mo rò pé èmi nìkan ni.

Ọdún ń lọ. Ìyá Eléyín fẹ̀yìn tì, ó gbé ààrò kékeré rẹ̀ lọ sílé, ó di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ó ṣì ń nù wọ́n. Lọ́dún yìí ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wá ránṣẹ́ sí wa pé àwọn fẹ́ gbé kọ́bọ́ọ̀dù wa sí yàrá kan tó dá dúró, kí gbogbo ayé lè máa wò ó. Inú Alága dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi sín láìjáde sórí àtẹ̀gùn. Ó kọ èsì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rìnlá, kò sí ẹyọ kan tó fọ́ rí. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Mo tún kà á lẹ́ẹ̀mejì bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. N kò rí àṣìṣe kankan.

Wọ́n ní ọkùnrin kan máa wá yẹ̀ wọ́n wò ní Sátidé. Bó bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n á ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, wọ́n á gbé e lọ, kò sí ẹni tó tún máa fi nǹkan kún un mọ́. Ìyá Eléyín gbọ́ èyí. Lọ́jọ́ náà, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́ta lù, ó lọ bá Alága, àpò rẹ̀ ní apá.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ti tì í pa, ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí tèmi bá wọn lọ."

Alága kò tilẹ̀ nawọ́ sí ògiri lọ́tẹ̀ yìí. "Lónìí kọ́, Ìyá Eléyín. Gbogbo ọjọ́ tó wà nílé ayé, lónìí gan-an kọ́."

Ọkùnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dé, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú yàrá ẹni tó ń sùn. Ó bọ́ aago rẹ̀ sínú àwo kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. A fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó sì fi awò kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, fún odindi wákàtí kan. Àwa mọ́kànlá jókòó yí tábìlì ká. Ìyá Eléyín dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ó yani lẹ́nu," ọkùnrin náà ní nígbà tó parí. "N kò rí ẹyọ kan tí wọ́n tún ṣe."

Mo gbọ́ bí èèyàn mẹ́wàá ṣe mí kanlẹ̀. Ó yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ ara mi ìdí tó fi jẹ́ mẹ́wàá. Èmi náà ń mí ti tèmi lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà wá fa tọ́ọ̀ṣì dúdú gbọọrọ kan yọ nínú báàgì rẹ̀. "Ó ku èyí nìkan. Iná aláwọ̀ àlùkò ni. Ohun tí ojú kò bá rí, ó máa ń rí i. Ẹ bá mi fa aṣọ fèrèsé."

Mo ṣèèṣì wo Ìyá Eléyín. Ó ti di aṣọ fèrèsé mú.

"Alága," ó ní, "ẹ ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn."

"Kí ló dé?"

"Ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti dúró láti ìgbà tí wọ́n ti dé."

"Kò rẹ̀ mí, mà," ọkùnrin náà ní.

"Alága, mo bẹ̀ yín. Ọdún mẹ́rìnlélógún, mo ti bẹ̀ yín ní nǹkan kan, ẹ kò ṣe é, n kò janpata. Ẹ ṣe èyí."

"Ìyá Eléyín," Alága ní, ohùn rẹ̀ le, "ẹ jókòó."

Kò sí àga kankan. Ó dúró. Onífíríìjì fa aṣọ fèrèsé, yàrá ṣú, ọkùnrin náà sì tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Mo ti wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ ọ́. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni pé ẹ rántí bí èèyàn ṣe ń dé orí òkè lásìkò tí ilẹ̀ ń ṣú, tó wo ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì ń tan iná láti ilé dé ilé. Ọrùn ẹsẹ̀ oníjó Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ tàn, òrùka ìmọ́lẹ̀ tínínrín, funfun tó ń lọ sí búlúù. Lẹ́yìn náà oníjó kejì, ní ìka. Ìkẹta, ní ọrùn. Etí àwọn ajá tàn, etí méje nínú méjìdínlógún. Ìrù kan tàn. Ọ̀pá darandaran tàn láti òkè délẹ̀. Mo rí afìwéránṣẹ́ tèmi, fìlà rẹ̀ tàn, ọwọ́ rẹ̀ tàn, lẹ́tà tó dì mú sì ń tàn bí ẹni pé ìròyìn ayọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Pẹpẹ dé pẹpẹ, ìmọ́lẹ̀ náà ń dáhùn bí tọ́ọ̀ṣì ṣe ń kọjá. Lókè pátápátá, níbi tí kò sí ẹni tí í fọwọ́ kàn, Baba Akàwé ti Alága jókòó, ère tí gbogbo ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, èyí tó wà nínú páálí ọjọ́ náà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìlà ìmọ́lẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, àwọ̀n ni, àwọ̀n olóògo. Ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ mẹ́tàlélógún nígbà kan, ẹnì kan sì ti kó o jọ.

Nísàlẹ̀, òòlù oníbàtà ń dún kò, kò, kò. Ọkùnrin náà kà wọ́n bí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣe ń kọjá: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rìnlá.

"Ta ló ṣe èyí?" ọkùnrin náà ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohùn rẹ̀ kò dà bíi ti ẹni tó mú olè. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo wò wọ́n fún wákàtí kan, n kò rí nǹkan. Ta ni?"

Gbogbo wa wo tábìlì. Lẹ́yìn náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, a wo ọ̀nà fèrèsé.

"Ìyẹ̀fun eyín ni, sà," Ìyá Eléyín ní. "Eyín gidi máa ń tàn nínú irú iná yẹn. Bí tàtọwọ́dá kò bá tàn, ẹni tó bá wọ ibi tí wọ́n ti tan irú rẹ̀, ṣe ló máa dà bíi pé iwájú ẹnu rẹ̀ ti ká. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe ìyẹ̀fun náà ti fi ìtànṣán sí i."

"Ẹ mọ̀ pé yóò tàn?"

"Iṣẹ́ mi ni, sà."

"Ṣé kò sí èyí tí kì í tàn?"

"Ó wà. Ayédèrú ni. Ṣé kí n wá fi ayédèrú tún nǹkan èèyàn ṣe?"

Nínú òkùnkùn, Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Mo rò pé èmi nìkan ni," ó ní. "Ọdún mẹ́rìnlélógún. N kì í lè sùn tí Oṣù Ìsinmi bá pé."

"Ìwọ?" Onífíríìjì ní. "Èmi tí mo sọ fún Ìyá Eléyín pé ọmọ àbúrò mi ló gbá ajá mẹ́rin lulẹ̀ lọ́jọ́ kan! N kò tilẹ̀ ní àbúrò!"

"Èmi ní ológbò," mo ní.

Ìgbà náà ni a gbọ́ ìró àga. Alága ti dìde. Ó wo ògiri níbi tí òfin keje wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kà á nínú òkùnkùn. Ó mọ̀ ọ́n sórí. Ẹni tí ère rẹ̀ bá ti fọ́ kò gbọdọ̀ jókòó nídìí tábìlì. Nọ́ọ̀sì wò ó, òun náà dìde. Onífíríìjì dìde. Mo dìde. Kí a tó ṣẹ́jú, àga mọ́kànlá ló ṣófo, àwa mọ́kànlá sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí Ìyá Eléyín ṣe máa ń dúró. Mo wá mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ibẹ̀ jìn sí tábìlì.

Alága fa àga tirẹ̀ jáde, ó fi ọwọ́ nù ún, kò sì sí eruku kankan lórí rẹ̀.

"Ìyá Eléyín," ó ní, "ẹ jókòó."

Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àga wà. Ó jókòó.

"Ère yín dà?"

Ó tú áńkáṣíìfù náà lórí itan rẹ̀. Ọkùnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé béèrè bóyá òun lè wò ó, ó sì tan iná sí i. Alágbàfọ̀ náà dúró nínú ìmọ́lẹ̀ àlùkò, ọpọ́n rẹ̀ ní ìbàdí, ojú rẹ̀ sókè, kò sí ibì kan tó tàn lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló ṣe wà, àfi apá tí kò sí.

"Ẹ tún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ṣe," ọkùnrin náà ní, nígbà tí Nọ́ọ̀sì ti sọ òfin keje fún un, "ẹ fi tiyín sílẹ̀. Apá kan ṣoṣo! Ẹ bá ti wọ ẹgbẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti dé."

"Tiwọn, wọ́n máa ń kó o wá pẹ̀lú èyí tó jábọ́, sà. Mo rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Apá yìí, n kò rí i rí. N kò mọ̀ bóyá ó gbé e sókè ni, bóyá ó fi ń nu òógùn. A kì í ṣe eyín fún ẹnu tí a kò wò."

Alága ní òun fẹ́ kí alágbàfọ̀ náà wà lókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba Akàwé. Ìyá Eléyín mi orí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ṣí gíláàsì, ó fi aṣọ rẹ̀ nu ojú pẹpẹ kẹta lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e kalẹ̀ láàárín darandaran àti afọnfèrè, nínú àlàfo náà. Ọpọ́n aṣọ kò kan ọ̀pá. Ìgbọ̀nwọ́ òsì tó ṣẹ́ kò kan fèrè. Okùn abẹ́rẹ́ kan ló lè kọjá lọ́tùn-ún, ọ̀kan ló lè kọjá lósì. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń to ère ẹni ẹlẹ́ni, kò sì sí oṣù kan tó gbà kí àlàfo náà fún.

Onífíríìjì wá ṣí aṣọ fèrèsé padà, kó lè rí i dáadáa.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbà wọ́n. Wọ́n kọ̀wé pé àwọn kò ní lè fi ohun tí Alága kọ sí lẹ́tà rẹ̀ sára ògiri, ṣùgbọ́n àwọn máa fi bọ́tìnnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, iná yàrá á kú, iná àlùkò á sì tàn fún ìṣẹ́jú kan. Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn èèyàn máa ń wọlé pẹ̀lú ariwo, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ariwo á sì dá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Eléyín, nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa nù wọ́n. Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà, ó wọ yàrá òkè oníbàtà wá, ó bọ́ òrùka rẹ̀ sínú àwo, ó sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó tó rántí. Àga kejìlá ti wà nídìí tábìlì. Alága ló rù ú gòkè àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ àga náà gbá ògiri lọ́nà. Igi díẹ̀ bó lára rẹ̀. Ìyá Eléyín fi ìka kan ibẹ̀, ó wò ó dáadáa.

"Ṣé kí n bá yín ṣe é?" ó ní.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," Alága ní.